Kí ló dé tí fọ́ńgọ́ọ̀sì mi hù dáadáa tí ásíìdì kò sì pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo kà á pé ásíìdì citric tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu kì í ti ara lẹ́mọ́ọ̀nù wá mọ́, pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Aspergillus niger ló ń ṣe é. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí iléèwé wa. Mo po ṣúgà gíráàmù 50 mọ́ lítà omi ẹ̀rọ kan, mo fi gbogbo èròjà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì nílò sí i, mi ò dín ọ̀kan kù. Mo sì ń bu ẹfun sí i kí pH (òǹkà tó ń wọn kíkan omi: bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń kan tó) má baà kúrò ní 6, kí ásíìdì má baà pa á. Ó hù gan-an ni, ó bo ojú omi náà pátá. Ṣùgbọ́n ásíìdì citric tí mo rí kò tó nǹkan, ohun funfun kan ló kàn silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe gbogbo irú ásíìdì yìí tó wà lọ́jà? Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi kẹ́míkà lásán ṣe é?

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ ní kíkún, nítorí inú àlàyé yín gan-an ni ìdáhùn wà. Híhù tó hù dáadáa àti ásíìdì tí kò pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yín rí ohun gbogbo jẹ, ó rí ibi tó tù ú lára, ó sì fi ṣúgà náà kọ́ ara rẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí yóò fi tú ásíìdì citric dà síta. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe yàtọ̀ pátápátá sí èyí: wọ́n á fún un ní ṣúgà ní àpọ̀jù, wọ́n á sì fi àwọn ohun kéékèèké kan dù ú, débi pé kò ní lè fi ṣúgà yẹn dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Kábọ́nì mẹ́fà ló wà nínú mólíkù glucose kan. Sẹ́ẹ̀lì á pín in sí pyruvate méjì, kábọ́nì mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pyruvate kan á sọ kábọ́nì kan nù gẹ́gẹ́ bí kábọ́nì dàyọ́ọ́sáìdì, á sì di acetyl-CoA, oníkábọ́nì méjì. Pyruvate kejì á gba kábọ́nì dàyọ́ọ́sáìdì kan mọ́ra, á di oxaloacetate, oníkábọ́nì mẹ́rin. Méjì àti mẹ́rin yìí á so pọ̀, wọ́n á di citrate. Mẹ́fà ló wọlé, mẹ́fà ló jáde, ọ̀kan ò ṣòfò. Lórí ìwé, glucose gíráàmù 180 lè di ásíìdì citric gíráàmù 192, ìyẹn ni pé ohun tí a gbà pọ̀ ju ohun tí a fi sílẹ̀ lọ, nítorí ọ́síjìn tó wọ inú rẹ̀. Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò yìí tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń rí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iye yẹn gbà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ balẹ̀, citrate kì í dúró. Sẹ́ẹ̀lì á máa jó o lọ láti fi rí agbára, á sì tún máa yọ lára rẹ̀ láti fi kọ́ ara. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń wá ni pé kí ṣúgà máa ya wọlé ju bí sẹ́ẹ̀lì ṣe lè lò ó lọ, kí citrate wá kún àkúnya bí odò tó ya bèbè. Ohun kan ló sì máa ń dènà èyí: citrate fúnra rẹ̀ ni bíréèkì. Bó bá ti ń pọ̀ jù, ó máa ń dá ẹ́ńsáìmù (púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá) kan tó ń jẹ́ phosphofructokinase dúró, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà di pyruvate. Iṣẹ́ wa ni láti tú bíréèkì yẹn, èròjà kan tí kò tó ohun tí ojú lè rí ló sì ń tú u tàbí kó tẹ̀ ẹ́: manganese.

Bí manganese bá ṣọ̀wọ́n nínú omi ṣúgà náà, kíkọ́ púrótéènì máa ń dàrú nínú sẹ́ẹ̀lì, ammonium (èròjà onínáítírójìn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ púrótéènì) á sì kó jọ síbẹ̀. Ammonium yìí ló ń jẹ́ kí phosphofructokinase máa ṣiṣẹ́ lọ bí citrate tilẹ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀. Ògiri sẹ́ẹ̀lì náà á yí padà pẹ̀lú: okùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó yẹ kó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ á kúrú, á wú, á sì lọ́ mọ́ra di hóró róbótó. Bí àgbá ásíìdì citric tó ń lọ dáadáa ṣe máa ń rí nìyẹn. Iye manganese tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò ju máíkírógíráàmù mélòó kan nínú lítà kan. Irin àti síńkì náà ní ààlà tiwọn, ṣùgbọ́n manganese ni olórí wọn.

Ẹ wá rí ohun tí omi ẹ̀rọ àti "gbogbo èròjà" ṣe fún yín. Omi ẹ̀rọ nìkan lè gbé manganese tó pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ yìí lè fara dà. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á gba omi ṣúgà kọjá lára resin, ìyẹn hóró ike kéékèèké tó ń fa irin àti ẹbí rẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ mólásíìsì ni wọ́n ń lò, tí àwọn irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, wọ́n á fi potassium ferrocyanide dè wọ́n. Kódà àgbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, nítorí manganese máa ń wà nínú irin tí kì í dípẹtà, ásíìdì sì lè bù ú jáde. Àwọn kan máa ń fi bàbà díẹ̀ sí i, torí bàbà máa ń dí manganese lọ́wọ́.

Ṣúgà gíráàmù 50 nínú lítà kan náà kéré. Gíráàmù 120 sí 200 ni wọ́n ń lò. Pípọ̀ ṣúgà nìkan ti tó láti sáré ti ọ̀nà náà lẹ́yìn, ẹ ò sì lè fi owó kékeré ra àkúnya.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹfun yẹn ló dùn mí jù, torí àánú ló mú yín fi sí i, òun gan-an ló sì yí iṣẹ́ yín padà sí iṣẹ́ mìíràn. Ní pH 6, ohun méjì ń ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ ní pH 2. Èkíní, fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí máa ń rán ẹ́ńsáìmù glucose oxidase síta, èyí tó ń sọ glucose di ásíìdì gluconic kí ó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì rárá. Èkejì, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń la oxaloacetate sí méjì máa ń jí ní pH bíi 5 sókè, ásíìdì oxalic ni yóò sì jáde. Bí pH bá ti wà lábẹ́ 3, èkíní máa ń kú, èkejì kì í sì í yọjú. Ásíìdì citric nìkan ni ọ̀nà á wá ṣí sílẹ̀ fún. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà ni, ṣúgà kan náà ni, pH ló ń yan ohun tí ẹ máa bá nínú ìgò.

Nítorí náà, mo fura gidigidi pé ohun funfun ìsàlẹ̀ ìgò yín, ẹfun tó ṣẹ́kù ló lú mọ́ calcium oxalate. Ẹ bu díẹ̀ sínú ọtí kíkan tàbí ásíìdì acetic tí a ti fi omi là. Ẹfun á hó, á sì yòrò. Calcium citrate á yòrò láì hó. Calcium oxalate kò ní yòrò, á jókòó síbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu kan ohunkóhun nínú ìgò yẹn o! Májèlé ni ásíìdì oxalic, àwọn ẹ̀yà A. niger kan tó wà káàkiri sì máa ń ṣe ochratoxin, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ ń lò, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹ má sì ṣí ìgò náà ní ojú atẹ́gùn, hóró irúgbìn dúdú rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé ásíìdì gbọ́dọ̀ máa kúrò nílẹ̀ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì lè yè. Láti 1893 ni Carl Wehmer, ará Jámánì, ti rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì lè ṣe ásíìdì citric láti ara ṣúgà, ṣùgbọ́n kò di òwò tó dúró. Ní 1917 ni James Currie tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà: ó fi hàn pé A. niger ń hù láìsí wàhálà nínú omi tó kan gógó, àti pé ibẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ àti oúnjẹ mìíràn tó mọ níwọ̀n, ni ásíìdì citric ti ń pọ̀ jù. Nígbà yẹn, Ítálì ló di ọjà ásíìdì yìí mú pẹ̀lú lẹ́mọ́ọ̀nù rẹ̀, ogun àgbáyé sì ti dí ọ̀nà. Ní 1919, ilé iṣẹ́ Pfizer bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe é ní Brooklyn. Lónìí, ohun tí ayé ń ṣe lọ́dún ju mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Kíkan omi yẹn tún ń ṣe oore mìíràn. Kòkòrò àìfojúrí díẹ̀ ló lè gbé nínú pH 2, nítorí náà kì í rọrùn fún àjèjì láti wọlé wá bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ ṣúgà. Ẹni tó ń tọ́jú àgbá tó gba lítà ọ̀kẹ́ àìmọye mọ bí ìyẹn ti níye lórí tó.

Afẹ́fẹ́ kù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó bo ojú omi bí aṣọ máa ń rí ọ́síjìn láti òkè, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà Currie, nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi rẹ̀ kò jìn. Nínú àgbá gíga, ẹ̀rọ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá láìdákẹ́. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan péré, fọ́ńgọ́ọ̀sì kò ní kú, á tilẹ̀ máa dàgbà lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá padà dé, ṣùgbọ́n ṣíṣe ásíìdì citric lè dáwọ́ dúró kó má sì padà sí bó ṣe wà. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀nà kan tó ń gbà fi ọ́síjìn gba ẹrù (ìyẹn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ṣúgà ń tú sílẹ̀) kúrò lórí ara rẹ̀ láì rí agbára kankan gbà nínú rẹ̀, ọ̀nà yìí ló sì ń jẹ́ kí ṣúgà máa ya wọlé. Bí ọ́síjìn bá já, ọ̀nà náà máa ń bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ronú sí iná mànàmáná kí wọ́n tó ronú sí fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé àgbá ti ṣe tirẹ̀. Ásíìdì ti wà nínú omi, pẹ̀lú ara fọ́ńgọ́ọ̀sì, ṣúgà tó ṣẹ́kù, púrótéènì, iyọ̀ àti àwọ̀. Bí wọn ó ṣe yọ ọ́ jáde ní mímọ́ ni ibi tí owó ń lọ sí jù, ibẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ti máa ń fi ojú ewé kan sáré kọjá. Ọ̀nà tó lókìkí jù ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ. Carl Wilhelm Scheele, ní Sweden, ló lò ó ní 1784 láti yọ ásíìdì citric kúrò nínú omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ omi náà, wọ́n á da láìmù (ẹfun sísun, kì í ṣe èso) sí i, calcium citrate á silẹ̀ ní funfun. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da ásíìdì sulfuric lé e lórí. Calcium á bá sulfate lọ di gypsum, ásíìdì citric á wá dá dúró nínú omi, wọ́n á sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n á fa omi rẹ̀ gbẹ títí yóò fi di hóró dídán.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ bí oníkẹ́mísírì. Fún tọ́ọ̀nù ásíìdì citric kan, ọ̀nà yìí ń jẹ ásíìdì sulfuric bíi tọ́ọ̀nù 0.77, ó sì ń bí gypsum bíi tọ́ọ̀nù 1.3. Ẹ ń ṣe ásíìdì, ṣùgbọ́n gypsum lẹ ń ṣe jù! Àwọn kan ń ta á fún àwọn tó ń ṣe símẹ́ńtì, àwọn mìíràn ń wá ilẹ̀ tí wọn ó kó o dà sí. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi yà sí ọ̀nà mìíràn, bíi fífi amine (kẹ́míkà tó máa ń di ásíìdì mú) tó wà nínú epo fa ásíìdì jáde, tàbí gbígbà á kọjá lára resin. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì tó dára díẹ̀ àti ọ̀nà ìyọjáde tó dára púpọ̀ yóò pẹ́ nínú òwò yìí ju ẹni tó ní òdìkejì rẹ̀ lọ.

Ó kan ìbéèrè yín kejì. Rárá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ń ṣe. Ásíìdì acetic inú ọtí kíkan, bakitéríà ẹbí Acetobacter ló ń ṣe é láti ara ọtí, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́ débi pé àìrí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ásíìdì acetic tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ kíkùn, gọ́ọ̀mù àti aṣọ, ara methanol àti carbon monoxide ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, kẹ́míkà pọ́ńbélé ni. Ó rọrùn, ó yá, bakitéríà ò lè bá a du ọjà yẹn. Ti citric yàtọ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò tíì parí tí wọ́n ti fi kẹ́míkà ṣe é láti ara glycerol, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ kò sì bá ti fọ́ńgọ́ọ̀sì dọ́gba títí di òní.

Ásíìdì lactic wà láàárín méjèèjì, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni. Glucose gíráàmù 180 ń di ásíìdì lactic gíráàmù 180 gééré, láì nílò afẹ́fẹ́. Charles Avery ti ń fi bakitéríà ṣe é fún títà ní Littleton, Massachusetts, láti 1881. Kẹ́míkà náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ásíìdì yìí, bí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́míkà sì máa ń ṣe méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Bakitéríà tí a bá yàn dáadáa á ṣe ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ike PLA, èyí tó lè jẹrà, kò lè fi àdàlù ìdajì-ìdajì ṣe é kó le dáadáa.

Níbí ni ẹfun yín ti wúlò. Bakitéríà lactic kò rí bí A. niger. Nígbà tí pH bá sún mọ́ 3.86 tàbí tó bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìdajì ásíìdì lactic tàbí jù bẹ́ẹ̀ á wà láìpín, ìyẹn ni pé háídrójìn rẹ̀ kò ní bọ́ kúrò lára rẹ̀. Èyí tí kò pín yìí máa ń gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé, á pín nínú rẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì á kan, bakitéríà á sì dákẹ́. Ẹfun ló ń gbà á sílẹ̀. Àmọ́ gypsum náà tún dé nìyẹn, bíi tọ́ọ̀nù kan fún tọ́ọ̀nù ásíìdì lactic kan. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi gbé jíìnì ṣíṣe ásíìdì lactic sínú ìwúkàrà, tó lè fara da kíkan, kí ẹfun lè dín kù.

Ásíìdì succinic jẹ́ ẹ̀kọ́ tó korò. Bakitéríà tó ń ṣe é máa ń gba kábọ́nì dàyọ́ọ́sáìdì mọ́ra bó ṣe ń ṣiṣẹ́, gbogbo wa la nírètí nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BioAmber kọ́ ibi iṣẹ́ ńlá fún un ní Sarnia, ní Kánádà, tó ṣí ní 2015, tó lè ṣe 30,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní 2018 ó kógbá sílé. Ásíìdì succinic mìíràn tí wọ́n ń bá du ọjà, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, owó epo rọ̀bì sì ti já wálẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti ásíìdì itaconic, tí wọ́n fi ń ṣe ike, Aspergillus terreus ló ń ṣe é, ọjà rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìgò yín. Ẹ gba ẹ̀yà A. niger tí a mọ̀ pé ó ń ṣe ásíìdì citric lọ́wọ́ ibi tí wọ́n ń tọ́jú kòkòrò àìfojúrí sí, ẹ má lo èyí tó kàn bu lára nǹkan. Ẹ lo omi tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi. Nínú lítà kan, ẹ fi ṣúgà gíráàmù 140, ammonium nitrate gíráàmù 2.5, potassium dihydrogen phosphate gíráàmù 1, àti magnesium sulfate gíráàmù 0.25. Èyí kò jìnnà sí ohun tí Currie lò. Ẹ má fi manganese, irin tàbí síńkì kankan kún un, àbàwọ́n tó wà nínú kẹ́míkà yín ti tó. Ẹ fi hydrochloric acid mú pH wá sí 3.5 kí irúgbìn lè hù, bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá ti ń jẹ ammonium, pH á fúnra rẹ̀ bọ́ sí 2. Ẹ má fi ẹfun sí i. Ẹ tẹ́ omi náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ìgò tó fẹ̀, ní ìwọ̀n ooru 30 lórí òǹwọ̀n Celsius.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ẹ máa rí kò ní hù tó ti àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó kó ìdààmú bá yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wọn ásíìdì, ṣùgbọ́n títíréètì (fífi álíkálì wọn iye ásíìdì) nìkan kò lè sọ irú ásíìdì tó jẹ́ fún yín, ẹ fi chromatography kún un, ìyẹn ọ̀nà tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wọn ṣúgà tó ṣẹ́kù pẹ̀lú, kí ẹ sì pín gíráàmù ásíìdì citric sí gíráàmù ṣúgà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì lò, kì í ṣe èyí tí ẹ dà sí i. Bí ó bá wọ 0.5, ó ti dára fún yàrá ìwádìí. Bí ó bá ṣì wà lábẹ́ 0.1, ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ rẹ ẹ́ sínú ásíìdì mọ́jú, ẹ fi omi mímọ́ yẹn ṣàn án, kí ẹ tó tún un ṣe.